Dókítà ní ká máa gbé Bàbá lọ sílé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú aláìsàn tí kò ní dìde mọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Àbíkẹ́yìn Ilé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ni wọ́n bá lára wọn, ó sì ti wọnú eegun. Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n ti lo oògùn, àmọ́ dókítà pè wá jókòó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kò sí ohun tó tún lè lé àìsàn yìí lọ mọ́, pé ká máa gbé wọn lọ sílé, ká máa ṣe ohun tí ara á fi tù wọ́n. Bàbá fúnra wọn ní ilé àwọn ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n ni àwọn fẹ́ wà, àwọn ò fẹ́ wọ́ọ̀dù mọ́.

Èmi àti màámi la wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Canada ń bínú, ó ní a ti fi Bàbá sílẹ̀ fún ikú, pé ká gbé wọn lọ síbòmíì kí wọ́n fa omi sí wọn lára. Wọn kì í sùn lóru nítorí ìrora. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Ìdí wọn ti ń pọ́n níbi tí wọ́n ń fi sùn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo la máa kọ́kọ́ mú ṣe?

Nọ́ọ̀sì Arówómọlé

Ẹ kú ìtọ́jú o, àbúrò. Olúwa á ti ẹ̀yin àti Màmá lẹ́yìn.

Ìrora ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹni tí ara ń ro ò lè sùn, kò lè jẹun, kò lè bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ lè gbàdúrà. Ìrora tí jẹjẹrẹ ń fà nínú eegun ní oògùn, kì í ṣe ohun tó yẹ kí bàbá àgbà máa fara dà. Kí ni wọ́n kọ fún yín gbé wálé? Bó bá jẹ́ Panadol nìkan ni, ẹ padà lọ bá dókítà yẹn lọ́la. Ẹ má sọ fún un pé "ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá". Ẹ sọ pé: "Bàbá wa ò lè sùn nítorí ìrora, oògùn tẹ́ ẹ fún wa ò ràn án." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Àwọn bàbá wa máa ń pa ìrora mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n léèrè, "a dúpẹ́" ni wọ́n máa sọ. Ẹ wo ojú wọn nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí wọn padà. Bí wọ́n bá ń wa eyín pọ̀, tàbí tí wọ́n di etí bẹ́ẹ̀dì mú ṣinṣin, ẹ ti rí ìdáhùn. Nígbà tí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìka ọwọ́ sọ ọ́: ọwọ́ dídì túmọ̀ sí pé kò sí ìrora, ìka kan túmọ̀ sí díẹ̀, ìka márùn-ún túmọ̀ sí pé ó ti kọjá ohun tí àwọn lè gbà mọ́ra. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ máa kọ aago tẹ́ ẹ fún wọn lóògùn, iye tẹ́ ẹ fún wọn, àti ìka mélòó ni wọ́n nà. Ìwé yẹn ni dókítà á fi mọ̀ bóyá kí òun fi kún oògùn.

Ẹ tún bi dókítà léèrè nípa ìtànṣán. Bí ojú kan bá wà nínú eegun tó ń dùn wọ́n jù, wọ́n lè tan iná radiotherapy sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ìrora ibẹ̀ á sì dínkù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ń ṣe é. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sọ̀yà pé ara Bàbá gba ìrìn àjò. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ yẹn, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí. Bí wọ́n bá máa lọ, kí wọ́n ti lo oògùn ìrora kí mọ́tò tó gbéra, kẹ́ ẹ sì gbé èyí tí wọ́n máa lò lójú ọ̀nà dání.

Ohun kan ò gba ká máa rò ó. Bí ẹsẹ̀ Bàbá bá ṣàdédé rọ, tí wọn ò lè gbé e mọ́, tàbí tí ìtọ̀ wọn há, ilé ìwòsàn lẹ máa gbé wọn lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Jẹjẹrẹ tó wà nínú eegun ẹ̀yìn lè tẹ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè gba ẹsẹ̀ yẹn là.

Apòògùn Sábó

Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ n fi ti oògùn kún un.

Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà kalẹ̀ lórí ìrora jẹjẹrẹ: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí Panadol àti irú ẹ̀, bí kò bá ràn án kí wọ́n bọ́ sórí codeine tàbí tramadol, bí ìyẹn náà ò bá ràn án, mọ́fíìnì. Ẹnu ni kí aláìsàn máa gbà lò ó bó bá ṣì ń gbé nǹkan mì, aago ni kí wọ́n sì máa wò. Ti aago yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé kì í tẹ̀ lé. Wọ́n á dúró títí Bàbá á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kérora kí wọ́n tó lọ mú ìgò. Ìrora tó ti gbilẹ̀ kì í tètè rọlẹ̀. Mọ́fíìnì olómi máa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, nítorí náà, aago mẹ́fà àárọ̀, mẹ́wàá, méjì ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mẹ́wàá alẹ́. Dókítà lè ní kẹ́ ẹ sọ ti mẹ́wàá alẹ́ di ìlọ́po méjì kí wọ́n lè sùn mọ́jú. Òun náà ló máa sọ iye tẹ́ ẹ lè fi kún un bí ìrora bá já lu wọ́n láàárín ìgbà oògùn méjì. Sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ máa fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ṣíbí ọbẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ẹ ò lè rí i rà ní kẹ́mísìtì ẹ̀bá ọ̀nà, òfin de é. Ìwé dókítà ló ń gbà á jáde, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ló sì máa ń ní in. Ẹ béèrè ní LAUTECH níbí, àti ní Bowen, ilé ìwòsàn Baptist ayé àtijọ́ tó ti wà láti 1907. UCH ní ẹ̀ka tó dá dúró fún irú ìtọ́jú yìí, wọ́n ń pè é ní palliative care. Ẹ gbà kí dókítà yín pè wọ́n lórí fóònù bí Bàbá ò bá lè dé Ìbàdàn.

Ohun tí mọ́fíìnì máa ń ṣe: ó máa ń jẹ́ kí èèyàn tòògbé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti èkejì, ó lè fa èébì díẹ̀, àwọn yẹn á lọ. Èyí tí kì í lọ ni pé ó máa ń mú ìgbẹ́ le. Torí náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba mọ́fíìnì náà lẹ máa gba oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Ẹ má dúró kó di ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò yàgbẹ́.

Jẹjẹrẹ prostate tún máa ń dí ọ̀nà ìtọ̀, kíndìnrín á sì bá a jẹ nínú ẹ̀. Bí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, mọ́fíìnì á máa gbá jọ sára. Bẹ́ ẹ bá rí i pé Bàbá ń sùn tí wọn ò ṣeé jí, tàbí tí ara wọn ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ẹ pe dókítà kẹ́ ẹ tó fún wọn ní èyí tó kàn. Ẹ má sì lọ ra oògùn ìrora tó ń jẹ́ diclofenac fún wọn láìsọ fún dókítà, ó lè ba kíndìnrín yẹn jẹ́ sí i.

Ọmọ Ajílété

Ẹ má bínú sí mi o, àwọn àgbà ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Kí ló dé tẹ́ ẹ ti ń sọ ti pé kí ara tu bàbá oníbàbá, tí ẹ ò sọ ti ìwòsàn mọ́? Mọ́fíìnì tẹ́ ẹ ń wí yìí náà, mo gbọ́ pé tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún èèyàn, ó ti parí nìyẹn, pé yóò di bárakú sí wọn lára. Àgbo ńkọ́? Àwọn kan wà lọ́nà Ìlọrin tí wọ́n mọ̀ nípa jẹjẹrẹ.

Apòògùn Sábó

Ẹ̀gbọ́n, àrùn náà la ń wò. Ìrora wà lára àrùn, àìsùn wà lára ẹ̀, ẹ̀rù tó ń ba Bàbá lóru wà lára ẹ̀.

Ti bárakú: ẹni tó ń lo mọ́fíìnì nítorí ìrora jẹjẹrẹ, bí dókítà ṣe kọ ọ́, kì í dà bí ọmọ ìta tó ń wá ohun tó máa pa á bí ọtí. Ara lè mọ́ ọn lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í sì í ṣe òun ló ń pa wọ́n. Ohun tó ń jẹ́ káwọn èèyàn rò bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbà tí ó bá ku ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà kí wọ́n fún aláìsàn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lásìkò, ọ̀pọ̀ ló ń lò ó fún oṣù púpọ̀, tí wọ́n ń jókòó síta gba atẹ́gùn.

Ti àgbo, mi ò bá yín jà. Bí Bàbá bá fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ẹ jọ̀ọ́, kó má pàdé tramadol tàbí mọ́fíìnì nínú ara ẹnì kan. Ó lè dá èémí dúró. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ ta ilẹ̀ kí òun tó wo jẹjẹrẹ tó ti wọ eegun, ẹ fi owó yẹn ra fóòmù tó dáa fún Bàbá.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀yọ́)

Màmá ọkọ mi ni mo tọ́jú títí dé òpin, nínú ilé wa ní Ọ̀yọ́ níbí. Ti ara tó ń pọ́n yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí tó bá fi lè bẹ́, ó tún di ìrora mìíràn.

Ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ má fà wọ́n. Ìfàfà yẹn ló ń bó awọ arúgbó. Ìró òwú tó ti gbó, tó ti rọ̀, ni kẹ́ ẹ ṣẹ́ po sí méjì, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn láti èjìká dé itan. Ẹnì kan á dì í mú lọ́tùn-ún, ẹnì kan lósì, ẹ ó jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, Bàbá á sì bá a dìde. Bí Màmá ò bá lágbára, ẹ bẹ ọmọkùnrin kan ládùúgbò kó máa wá láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi pílò sáàárín orúnkún méjèèjì. Ẹ fi òmíràn sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì rárá. Ní tiwa, gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́, kì í ṣe ìdí.

Ibi tó bá pọ́n, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má fi spirit pa á. Àwọn ìyá wa máa ń ká aṣọ bí òṣùká kí wọ́n fi ìdí aláìsàn lé e. Ẹ má ṣe é, ńṣe ló ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ká yẹn. Kí ibẹ̀ máa wà ní gbígbẹ ló ṣe pàtàkì. Pámpásì àgbàlagbà dára, àmọ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ orí fóòmù, kẹ́ ẹ wá tẹ́ aṣọ òwú lé e, kí awọ wọn má kan rọ́bà náà. Bí egbò bá wá lọ ṣẹlẹ̀ tó sì ń rùn, ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa Flagyl. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á bù ú sójú egbò, òórùn yẹn á dínkù púpọ̀. Ohun tó máa ń dójú ti aláìsàn jù lọ nìyẹn, kí àlejò wọlé kó fi ọwọ́ bo imú.

Ẹnu náà ńkọ́? Bí wọn ò bá mu omi mọ́, ẹnu á gbẹ, ètè á sán. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ rẹ aṣọ funfun tó mọ́ sí i, ẹ fún un, ẹ fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi òrí pa ètè. Màmá wa kì í sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà yẹn, àmọ́ bí mo bá ti ń fi òrí pa ètè wọn, wọ́n á máa gbé ètè méjèèjì lé ara wọn bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò.

Ti oúnjẹ, mo mọ bó ṣe máa ń dùn wá, àgàgà nílùú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Bàbá tó ń fi ọkà ṣeré, kó wá máa kọ ẹ̀kọ lẹ́nu! Ẹ má fi tipá bọ́ ọ. Ara tó ti ń palẹ̀ mọ́ kì í lo oúnjẹ mọ́, ebi yẹn ò pa wọ́n bí a ṣe rò. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́, ẹ gbé wọn jókòó, ẹ fi ṣíbí kékeré fún wọn ní èyí tí wọ́n fẹ́, ì báà jẹ́ omi ọsàn nìkan. Bí wọ́n bá ti ń sín tàbí wúkọ́ lórí ẹ̀, ó tó nìyẹn. Oúnjẹ tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, wàhálà ńlá ni.

Àkọ́bí Òkè Òkun

Èmi náà wà lẹ́yìn odi nígbà tí ìyá mi ń lọ, torí náà mo lè bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kì í rí ohun tẹ́ ẹ ń rí. Ohùn ló ń gbọ́, owó ló ń fi ránṣẹ́, ó sì fẹ́ kí owó yẹn ṣe nǹkan. Ẹ má bá a jiyàn lórí WhatsApp ẹbí. Ẹ bẹ dókítà kó fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fóònù, kí Bàbá fọwọ́ sí i, kí dókítà fẹnu ara ẹ̀ sọ ibi tí àìsàn dé. Ọ̀rọ̀ tí dókítà bá sọ máa ń wọlé ju ti àbúrò lọ.

Lórí omi tó ní kí wọ́n fà sí wọn, kó bi dókítà náà. Nígbà tí òpin bá ti sún mọ́, omi inú ìgò yẹn máa ń lọ jókòó sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró, á wá mú kí èémí nira. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń wá iṣan fún náà ìrora ni.

Ẹ wá fún ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ o. Kó san owó ẹni tó máa bá yín ṣọ́ òru lọ́jọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ kí ìwọ àti Màmá lè sùn. Kó ra fóòmù, pámpásì, fáànù tó ń lo bátìrì torí iná. Fáànù yẹn wúlò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ: bí èémí bá ń há wọn, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn lójú. Kó sì máa pe Bàbá fúnra wọn, kó má máa béèrè "ṣé ẹ ti jẹun?" ṣáá. Kó bi wọ́n léèrè ìtàn.

Alfa Àdúgbò

Mi ò mọ̀ bóyá mùsùlùmí ni Bàbá tàbí onígbàgbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún méjèèjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ta ni wọ́n fẹ́ kó máa wá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó kù mọ̀. Mo ti rí yàrá aláìsàn tí ogún èèyàn kún, tí wọ́n ń pariwo àdúrà, tí ẹni tó wà lórí ẹní ń fi ọwọ́ di etí. Àlejò méjì méjì ti tó, ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá wá láti wá sọ pé ẹnì kan ló wà nídìí àìsàn náà, ẹ dá a dúró ní pálọ̀. Ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dá sílẹ̀ nínú ẹbí máa ń pẹ́ ju ìsìnkú lọ.

Bó bá jẹ́ mùsùlùmí ni wọ́n, aláìsàn ò ní gbèsè ààwẹ̀ lọ́rùn báyìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tìtorí ẹ̀ fi oògùn sílẹ̀. Nígbà tí àkókò bá dé, kẹ́ni tó fẹ́ràn wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ etí wọn, kó máa sọ kálímà jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dákẹ́, ẹ má ní kí wọ́n tún un sọ.

Bí Bàbá bá sì bi yín pé "ṣé mo máa là á?", ẹ má sáré fi "ẹ ò ní kú" bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ló wà lọ́kàn yín?" Nígbà mìíràn, gbèsè kan ni wọ́n fẹ́ sọ, tàbí ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ dárí jì.

Àbíkẹ́yìn Ilé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣé gan-an. A padà lọ bá dókítà, wọ́n kọ mọ́fíìnì olómi fún wa pẹ̀lú oògùn ìgbẹ́. Bàbá sùn mọ́jú. Màámi jókòó tì wọ́n, wọ́n ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń mí, wọn ò fẹ́ gbà pé oorun lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá dókítà sọ̀rọ̀, inú ẹ̀ ò tíì rọ̀ tán, àmọ́ ó ti fi owó ẹni tó máa ṣọ́ òru ránṣẹ́.

Nǹkan kan ń bà mí lẹ́rù. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀, ìyá tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Báwo la ṣe máa mọ̀ tó bá ti kù díẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Arówómọlé

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló máa ń rí òkú èèyàn wọn. Bí kò bá bà wọ́n lẹ́rù, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá a sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, tàbí wọ́n ń jà, ẹ pe dókítà, ó lè jẹ́ ìbà, àìtọ̀ tàbí oògùn ló fà á.

Bí ó bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, oorun á pọ̀, ìtọ̀ á dínkù, á sì pọ́n. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù, awọ orúnkún lè yí àwọ̀. Èémí á máa yára, á tún dúró fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fun lè máa hó, torí wọn ò lè gbé itọ́ mì mọ́. Ìró yẹn máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ń gbọ́ ju ẹni tó ń mí in lọ. Ẹ yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé orí wọn sókè díẹ̀. Bí wọn ò bá lè gbé oògùn mì, ẹ má dá oògùn ìrora dúró fúnra yín, ẹ pe dókítà kó sọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà lò ó. Ẹ ti béèrè èyí sílẹ̀ báyìí, kó má jẹ́ òru Sátidé lẹ ó máa wá a.

Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n lè máa gbọ́ yín bí wọn ò tiẹ̀ dáhùn mọ́.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Díẹ̀ ni tèmi. Nígbà tí orí Bàbá ṣì pé, ẹ béèrè ìwé ilẹ̀, ìwé báńkì, àti bóyá wọ́n ti ṣe ìwé ìhágún. Orúkọ tí wọ́n kọ sí báńkì gẹ́gẹ́ bí "next of kin" kò sọ ẹni yẹn di ajogún lábẹ́ òfin, àìmọ̀ yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀. Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé nínú ilé, ẹ pe dókítà tó ń tọ́jú wọn kó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ kó sì kọ̀wé, ẹ ó mú un lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ka iye ènìyàn, NPC, fún ìwé ẹ̀rí ikú. Báńkì àti ilé ẹjọ́ máa béèrè fún un.

Àbíkẹ́yìn Ilé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀yin Apòògùn, ìyá kan níwájú ilé wa ti gbọ́ nípa oògùn náà. Ọmọ wọn ní àrùn foníkú-fọ̀ladìde, wọ́n ní ká bu díẹ̀ fún àwọn nígbà tí ara bá ń ro ó. Kí ni kí n wí?

Apòògùn Sábó

Ẹ má bù ú fún wọn o, bó ti wù kó ṣe yín láàánú tó. Iye tí ara Bàbá gbà lè pa ọmọdé. Ìrora foníkú-fọ̀ladìde náà ní ìtọ́jú tiẹ̀, kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí LAUTECH tàbí Bowen, kí wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé ìrora ni àwọn bá wá. Ẹ tọ́jú ìgò yín sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ dá a padà sí ibi tẹ́ ẹ ti gbà á.